Ta ló kọ ìtàn náà? Ọ̀rọ̀ lórí eré Darkplace àti àwọn fíìmù ẹ̀rù tiwa

Ní oṣù kẹjọ, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù wá sílé fún àjọ Arígbó ní Ìdáàṣà. Nígbà tó yà kí wa ní Glazoué, ó ṣí eré kan fún mi nínú fóònù rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ ka orúkọ ẹni tó darí eré yìí." Mo kà á: Richard Ayoade. Orúkọ yìí kò le fún ọmọ Nàgó láti kà. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, ará Norway ni ìyá rẹ̀, Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni wọ́n sì bí i sí. Nítorí orúkọ yẹn ni mo ṣe jókòó. Ọmọ náà sì ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn fún mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Garth Marenghi's Darkplace ni wọ́n ń pe eré náà. Ọdún 2004 ni tẹlifíṣọ̀n Channel 4 gbé e jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, apá mẹ́fà péré, ó sì tán. Àwọn tó wò ó nígbà náà kò pọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi han ara wọn, wọn kò sì dẹ́kun títí di òní.

Ẹ fara balẹ̀ níbí, nítorí ọ̀rọ̀ náà lọ́ díẹ̀. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ Marenghi láyé. Matthew Holness ló ń ṣe é. Marenghi jẹ́ òǹkọ̀wé ìtàn ẹ̀rù tó gbà pé kò sí ẹni tó tó òun. Wọ́n ní láàárín ọdún 1980 sí 1989 ló ṣe eré kan nípa ilé ìwòsàn kan ní Romford, tí ẹnu ọ̀nà ọ̀run àpáàdì wà lábẹ́ rẹ̀, tí àwọn onítẹlifíṣọ̀n sì kọ̀ ọ́. Nísinsìnyí ó tún gbé e jáde, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń jókòó láàárín eré, wọ́n ń yin iṣẹ́ ara wọn. Eré méjì ló wà nínú ọ̀kan: ìtàn ilé ìwòsàn, àti ìtàn àwọn tó ṣe é.

Ti ilé ìwòsàn yẹn burú, ẹ gbà mí gbọ́! Dókítà kan ń sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ ń lọ síhìn-ín, ohùn rẹ̀ ń lọ sọ́hùn-ún. Ayoade fúnra rẹ̀ ló ṣe ọ̀gá wọn. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ ilé-ìwé tó há ẹ̀kọ́ sórí tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Obìnrin aláìsàn kan ń di ẹ̀fọ́ díẹ̀díẹ̀. Mo rò pé wọn kò mọ̀ ọ́n ṣe ni. Ọmọ náà ní rárá, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Onílù tó fẹ́ ṣi ìlù lù kí á lè rẹ́rìn-ín gbọ́dọ̀ mọ ìlù náà dénú. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ariwo lásán ni yóò pa.

Apá tó sọ nípa ìkùukùu àti àwọn ará Scotland kò pa mí lẹ́rìn-ín. Ìjà àwọn Gẹ̀ẹ́sì láàárín ara wọn ni, kò kàn wá.

Ṣùgbọ́n irú eré tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn, àwa náà mọ̀ ọ́n. Ní 1987, William Akuffo ṣe Zinabu ní Gáná, ìtàn àjẹ́ kan tó sọ mẹkáníìkì tálákà di olówó. Ní 1992, Living in Bondage jáde ní Nàìjíríà ní èdè Ìgbò: Andy fi Merit ìyàwó rẹ̀ ṣe ògùn owó, òkú obìnrin náà sì ń yọ sí i. Ẹ̀rọ fídíò tí kò wọ́n ni wọ́n fi ya irú wọn. Àwọn Yorùbá náà ní tiwọn, bíi Kòtò Ayé ti Yekini Ajileye, tó dá lórí ọ̀rọ̀ àjẹ́. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, kásẹ́ẹ̀tì irú wọn ń bá ẹrù wá sí ọjà Glazoué ní Ọjọ́rú. Àgbàlá ẹnì kan la ti ń san owó wò wọ́n, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ilé. A rí i pé àtíkè ni wọ́n fi kun ojú òkú. A rí i pé iná tó ń jáde lójú àjẹ́, wọ́n yà á sí i ni. Síbẹ̀ kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a bá ń lọ sílé, a kì í wo ẹnu ọ̀nà ìyá àgbà kan tó ń dá gbé. Ohun tí àwòrán náà kò lè ṣe dáadáa ti wà lọ́kàn wa kí a tó jókòó.

Apá kejì Darkplace ló jẹ́ kí n rántí ìyá náà. Liz nìkan ni dókítà obìnrin láàárín wọn. Àwọn ọkùnrin ń fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, inú bí i, ìbínú rẹ̀ sì mú kí àwọn ohun èlò máa fò lu ènìyàn. Bí Marenghi ṣe kọ ọ́, obìnrin ni ewu. Ṣùgbọ́n Holness àti Ayoade, tí wọ́n kọ eré náà gan-an, fẹ́ kí a wo Marenghi: ọkùnrin tó ń bẹ̀rù obìnrin, tó sì sọ ẹ̀rù rẹ̀ di ìtàn. Òun ni a ń fi rẹ́rìn-ín. Nínú àwọn kásẹ́ẹ̀tì tiwa, kò sí ẹni tó fi ẹni tó kọ ìtàn hàn wá.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán fún wa. Ní nǹkan bí ọdún 1975 sí 1976, nígbà ìjọba Kérékou, wọ́n gbógun ti àjẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ yìí. Àwọn ọmọ tuntun ń kú, ipá tí àwọn dókítà ń pè ní tẹ́tánọ́ọ̀sì sì wà lára ohun tó ń pa wọ́n. Àwọn ìyá àgbà ni wọ́n mú. Wọ́n mú kí wọ́n jẹ́wọ́, rédíò sì gbé ohùn wọn káàkiri. Wọn ò tíì bí mi nígbà náà, ìyá mi ló sọ ọ́ fún mi.

Mo fi apá kejì yẹn han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo sì ń túmọ̀ bí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ìyá tó dàgbà jù nínú wọn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ orúkọ rẹ̀ kọ, kò rẹ́rìn-ín púpọ̀. Nígbà tó parí, ó ní, "Ọmọ mi, àwọn ọkùnrin tó ń jókòó sọ̀rọ̀ láàárín eré yìí, mo ti rí wọn. Dókítà obìnrin yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n pe òun náà kó wá jókòó sọ tirẹ̀?"

Mo ní, "Rárá, ìyá. Alice Lowe ló ṣe é. Nínú ìtàn náà, wọ́n ní òṣèré obìnrin yẹn ti sọnù, pé ó ṣeé ṣe kó ti kú. Àwọn ọkùnrin nìkan ló ń sọ̀rọ̀."

Ó ní, "Mo mọ̀." Ó sì mú kaye rẹ̀, ó lọ sílé.