Àríyá Ilé Olówó: Ìwàásù Ni Àbí Fàájì?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ wá wo àwòrán kan tí Jan Steen, ará Holland, yà lọ́dún 1663. Kunsthistorisches Museum ní Vienna ló wà.

Ilé olówó ni o. Ìyàwó onílé ti sùn lọ fọnfọn, ilé bá dojú rú. Ajá ń jẹ oúnjẹ orí tábìlì, ọ̀bọ ń fi aago ṣeré, ẹlẹ́dẹ̀ ti wọlé, ọmọdé ń fa tábà! Láàárín gbùngbùn, ọkùnrin kan gbé ẹsẹ̀ lé itan ọmọge kan. Ọmọge yìí mú ife wáìnì dání, àwa tí à ń wò ó ló ń wò, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Àwọn kan ní ìwàásù ni. Lóòótọ́, Steen kọ ọ́ sára síléètì nísàlẹ̀ pé kéèyàn ṣọ́ra nínú ọrọ̀. Ó tún so apẹ̀rẹ̀ kọ́ sókè orí wọn: ọ̀pá arọ, idà àti pàṣán ló wà níbẹ̀. Ìyà tó ń bọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n igun ló ju ìkìlọ̀ sí. Ẹ̀rín ọmọge yẹn ló gbé sójú wa. Èmi ò gbà pé inú ń bí i sí wọn. Ọmọ apọntí ṣáà ni, òun náà sì gbàṣẹ ilé ọtí ní Leiden lọ́dún 1672.

Apẹ̀rẹ̀ yẹn nìkan ni mi ò fẹ́ràn. Ó jọ ìtàn aládùn tá a máa ń kà ní ẹgbẹ́ wa, tó bá kù díẹ̀ kó parí, òǹkọ̀wé á ní "ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí ni..." Ta ló bi í?

Títí dòní, bí ilé kan bá rí wúruwùru, àwọn ará Holland á ní ilé Jan Steen nìyẹn.