Omi Ló Dànù, Agbè Kò Fọ́

Bí ọmọ kékeré bá kú ní ilẹ̀ Àkókó, gbólóhùn kan wà tí àwọn àgbà máa ń sọ fún ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó rí ibi jókòó sí: omi ni ó dànù, agbè kò fọ́. Kì í ṣe ti Àkókó nìkan. Ibi gbogbo tí a bá ti ń sọ Yorùbá ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀kà ni èmi ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ní ọdún 1979, nígbà tí àbúrò mi obìnrin kú. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Èmi jẹ́ mẹ́sàn-án. Gbogbo ẹni tí ó wọlé ní ọjọ́ náà ni ó sọ ọ́, ìyá mi sì ń dá wọn lóhùn pé, "Ẹ ṣeun o, a kò ní rí irú rẹ̀ mọ́." Láti ìgbà náà ni mo ti ń bá gbólóhùn yìí jà. Mo ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní òwe fún ọdún púpọ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì kọ́ wọn ní ọ̀kan yìí rí.

Ẹ jẹ́ kí a wo àfiwé tí ó wà nínú rẹ̀. Ìyá ni agbè, ọmọ ni omi. Ìtùnú ni, ọgbọ́n sì wà nínú rẹ̀, nítorí pé ní ayé tí ìyá àti ọmọ lè jùmọ̀ kú lórí ìkúnlẹ̀, ẹni tí ìyá bá ṣẹ́kù fún mọ ohun tí òun ń dúpẹ́ fún. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ohun tí òwe náà fi ọmọ ṣe. Omi kì í ní orúkọ. A kì í ya omi àná sọ́tọ̀ kúrò lára omi òní. Bí èyí bá dànù, odò kò gbẹ, kí a tún lọ pọn òmíràn ni. Lójú tèmi, kò sí òwe Yorùbá tí ó tuni nínú ju èyí lọ, kò sì sí èyí tí ó tètè pa ẹni tí ó kú rẹ́ jù ú lọ.

Ìṣe wa sì bá òwe náà mu. A kì í ṣe òkú ọmọdé. Ọ̀fọ̀ ni a ń pè é. Wéré ni wọ́n ń sin ín, òbí kì í sì í dé ojú oórì ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá rìn ní àdúgbò ní Ìkàrẹ́ tàbí ní Ọ̀kà yóò rí oórì àwọn àgbà níwájú ilé, tí a fi sìmẹ́ńtì tàbí táìsì ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, tí a kọ orúkọ àti ọjọ́ ikú sí. Kò ní rí ti ọmọ ọdún mẹ́rin. Bákan náà ni lítíréṣọ̀ alohùn wa rí: ọdẹ tí ó kú ni a ń sun ìrèmọ̀jé fún, àgbà tí ó fi ọmọ sáyé lọ ni a ń kì ní oríkì lọ sí ọ̀run. Ìdí nìyí tí a fi máa ń gbọ́ ọ láàárín àwa onímọ̀ lítíréṣọ̀ pé Yorùbá kò ní ewì arò fún ọmọdé.

N kò gbà. Ibi tí kò sí ni a ti ń wá a. Inú orúkọ ni ó wà.

Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ti kọ àwọn orúkọ àbíkú sílẹ̀ lábẹ́ ọ̀rọ̀ ìsọmọlórúkọ. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ìwé ni ó ti tò wọ́n lọ rẹrẹ, tí wọ́n sì túmọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí n kò tíì rí kí a tẹnu mọ́ tó ni gírámà wọn. Ọ̀pọ̀ orúkọ Yorùbá ń ròyìn ni: adé dé, ọlá kún, Olúwa ṣe èyí tàbí tọ̀hún. Orúkọ àbíkú kì í ròyìn, ọ̀rọ̀ ni ó ń bá ènìyàn sọ. Málọmọ́. Dúrósinmí. Bánjókòó. Rẹ̀mílẹ́kún. Ọ̀rọ̀ àṣẹ ni wọ́n, tàbí kí a sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀. A ń bá ẹnìkan pàtó wí, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ sì pe ara rẹ̀ ní "mi". Òbí ni "mi" yẹn. Bí a bá ti kó wọn jọ báyìí, ewì arò tí a ní a kò ní ni a ń kà, àfi pé ìlà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ wà lára ènìyàn kọ̀ọ̀kan, ó sì ń rìn kiri ìlú.

Ẹ wo "mọ́" tí ó parí Málọmọ́. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì lọ rí, "má lọ" ì bá tó. Inú "mọ́" náà ni ọmọ tí ó ti kú wà. Ẹ wo Kòsọ́kọ́ náà: ọkọ́ tí a fi ń gbẹ́ ilẹ̀ kò sí mọ́, nítorí náà kò sí bí a ó ṣe sin ọ́. Iye ìgbà tí a ti fi ọkọ́ gbẹ́lẹ̀ ni orúkọ náà ń kà, láì dárúkọ nọ́ńbà kan. Gbogbo wa mọ Ọba Kòsọ́kọ́ tí ó jọba Èkó láti ọdún 1845 títí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi lé e kúrò ní 1851, tí ó sì kú ní 1872. Wọ́n ń kọ́ ọmọ ilé ìwé nípa ogun rẹ̀ àti òwò rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni ó ń béèrè pé àwọn wo ni a ti sin kí a tó sọ ọ́ ní orúkọ yẹn? Ọ̀rọ̀ Dúró Ládiípọ̀, tí ó kọ Ọba Kò So, kò yàtọ̀. Dúródọlá àti Dúróoríikẹ́ wà nínú àwọn orúkọ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Berlin ń pàtẹ́wọ́ fún un ní 1964, orúkọ tí wọ́n ń pè kò ju ẹ̀bẹ̀ òbí kan lọ: dúró.

Ìyá mi ni ó jẹ́ kí n mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe jinlẹ̀ tó. Ọmọkùnrin tí ó bí tẹ̀lé àbúrò mi tí ó kú ni wọ́n fún ní ọ̀kan nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí. N kò ní sọ èyí tí ó jẹ́. Ní ọdún 1998, wọ́n sọ fún un ní ìjọ rẹ̀ pé irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ń pe ẹ̀mí òkùnkùn wọ ayé ènìyàn. Ó lọ fi orúkọ tuntun sínú ìwé ìròyìn, gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí, orúkọ tí ó dára, tí Olúwa wà níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èmi ni mo ka ìkéde náà fún ìyá wa. Ó dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó wá tán nìyẹn? Kò sí ẹni tí yóò tún mọ̀ pé ó wá." Fún ọdún mọ́kàndínlógún, n kò gbọ́ kí ó dá ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. N kò mọ̀ pé nígbàkigbà tí ó bá ń pe ọmọ tí ó wà láàyè wá jẹun, ó ń dárúkọ àwọn méjèèjì.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń béèrè lọ́wọ́ mi ibi tí mo fi ewì Ṣóyínká àti ti J. P. Clark sí, àwọn méjèèjì tí ó ń jẹ́ "Abiku", tí a ti ń kà láti àwọn ọdún 1960. Nínú ti Ṣóyínká, àbíkú fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀, ó sì ń fi ewúrẹ́, owó ẹyọ àti oògùn wa ṣẹ̀sín. Iṣẹ́ ńlá ni. Agbára èdè rẹ̀ kò ṣe é jiyàn. A gbọ́ nípa àwọn ìyá nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ ohùn wọn. Nínú ti Clark, ará ilé ni ó ń bá ọmọ náà sọ̀rọ̀, tí ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wọlé kí ó sì dúró, nítorí pé ó ti rẹ ara ìyá rẹ̀. Ọmọ Ìjọ̀ àti Ùròbò ni Clark, kì í ṣe Yorùbá, síbẹ̀ òun ni ó sún mọ́ gírámà Málọmọ́ jù. Achebe náà rí i: nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1958, Ekwefi bí ọmọ mẹ́wàá, mẹ́sàn-án kú, orúkọ tí ó ń sọ àwọn ọmọ náà ni Achebe sì fi sọ ìbànújẹ́ rẹ̀ fún wa. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní mo ń fi ẹkún ṣe lámèyítọ́. Kò burú.

Nítorí pé ọ̀ràn kan wà nínú èrò àbíkú tí lámèyítọ́ kò gbọdọ̀ fojú fò. Ó ń dá ọmọ lẹ́bi. Òun ni ó bá ẹgbẹ́ dá májẹ̀mú, òun ni ó ń fi òbí ṣeré, òun ni ó sọ olóògùn dèké. Láyé àtijọ́ wọ́n a máa fi abẹ sí òkú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lára, kí a lè dá a mọ̀ bí ó bá padà wá. Bí a bá rò ó dáadáa, àkọlé kan ṣoṣo tí ọmọdé ní nìyẹn. Àwọn kan pe àbúrò mi ní àbíkú. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa wú, ojú rẹ̀ a máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹyin, òru a sì máa di ariwo egungun dídùn. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, yóò tún máa sáré káàkiri. Àwọn baba wa ti rí àìsàn yìí dáadáa, ẹ̀rí ni orúkọ tí wọ́n fún un: fòníkú-fọ̀ladìde. Ní ọdún 1910 ni Herrick, dókítà kan ní Chicago, kọ nípa ẹ̀jẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó wá láti Grenada, tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ rí bí dòjé. Ní 1949 ni Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé inú ohun tí ó ń pọ́n ẹ̀jẹ̀ gan-an ni àbùkù náà wà. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni ó gbé e sára ní Nàìjíríà láìṣàìsàn. Bí irú ẹni méjì bá fẹ́ ara wọn, oyún kọ̀ọ̀kan ni ìdá kan nínú mẹ́rin tí ọmọ náà yóò fi gbé e wá láti ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì. Ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá mi ni ó ti wá. Kò bá ẹnikẹ́ni dá májẹ̀mú.

Stuart Edelstein, nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1986, fi àìsàn yìí wé èrò àbíkú àti ògbáńje. Ó tọ́ dé ìwọ̀n kan. Ṣùgbọ́n ibà, èèyí àti ìgbẹ́ gbuuru pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a pè ní àbíkú. Títí di ọdún 1990, nǹkan bí ọmọ kan nínú márùn-ún ni kò pé ọdún márùn-ún ní Nàìjíríà. Iye tí Málọmọ́ fi pọ̀ tó nìyẹn.

Síbẹ̀ ó yẹ kí n sọ ibi tí àwọn orúkọ náà kù sí. Lílọ ni wọ́n ń rántí, wọn kò rántí ẹni tí ó lọ. Málọmọ́ kò lè sọ bóyá ọmọ náà dúdú tàbí ó pupa, tàbí ohun tí ó ń pa á lẹ́rìn-ín.

Ní ọdún 2012, mo gbé ìyá mi láti Ọ̀kà lọ sí ọjà Ìkàrẹ́. Nígbà tí a kọjá Àkùngbá tí a sì ń wọ Ìkàrẹ́, ó ní ọ̀nà tí àwọn gbé e gbà lọ sí ilé ìwòsàn nìyí, ó sì dárúkọ rẹ̀, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní ọjọ́ kẹjọ, tí n kò gbọ́ láti ọdún 1979. Ó ní ní gbogbo ojú ọ̀nà, ẹ̀pà ni ó ń béèrè. Ó ní bí ó bá ti fọwọ́ ra ẹ̀pà tán, yóò la àtẹ́lẹwọ́, yóò fẹ́ èèpo rẹ̀ sí òun lójú, yóò sì máa rẹ́rìn-ín. Ó ní ní ọjọ́ náà, àwọn sọ fún un pé bí a bá ń bọ̀, a ó rà á. Mo dá ọkọ̀ dúró lẹ́bàá ọ̀nà, a sì ra ẹ̀pà.