Gìtá Onírọ́bà Wa

Ohun èlò orin méjìlá ni kíláàsì wa ṣe, tí a sì tò sórí tábìlì lọ́jọ́ ìpàtẹ sáyẹ́ǹsì ilé ìwé wa ní Adó-Èkìtì. Àwọn òbí ya fọ́tò, àwọn olùkọ́ kọ máàkì sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì parí láàárín wákàtí kan. Mi ò rí ẹni tó fetí sí èyíkéyìí nínú wọn tó ìṣẹ́jú kan. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ṣe lámèyítọ́ wọn bí a ti ń ṣe lámèyítọ́ orin. Ọ̀dọ̀ tiwa ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ló gba ipò kìíní.

Gìtá ni. Páálí bàtà ni àpótí rẹ̀, rọ́bà tí àwọn ọlọ́jà fi ń di owó ni okùn rẹ̀. A kùn ún lọ́dà, ó sì wuni lójú. Ìwé físíìsì sọ pé bí okùn bá ṣe ń le sí i ni ohùn rẹ̀ ń lọ sókè sí i. Marin Mersenne, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti kọ òfin náà sílẹ̀ láti 1636. A wá fa rọ́bà kan gùn sí ìwọ̀n mẹ́rin, à ń ta á, a sì ń fi fóònù wọn ohùn rẹ̀. Ohùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà rárá.

Ẹ̀rù bà wá. A rò pé a ti ba iṣẹ́ jẹ́, ni a bá pa ohun tí a rí rẹ́, a kọ nọ́ńbà tí ìwé ń fẹ́. Èmi gan-an ni mo di pẹ́ńsù àti írésà mú.

Ohun tí kò yé wa nígbà náà ni pé rọ́bà kì í ṣe wáyà. Bí a ti ń fà á, ó ń le, ó ń tín-ín-rín, ó sì ń gùn, lẹ́ẹ̀kan náà. Líle àti títín-ín-rín ń gbé ohùn lọ sókè, gígùn ń fà á wálẹ̀, agbára wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Mersenne kò ṣì í. Nǹkan tó dára jù nínú ìpàtẹ yẹn ni a fi írésà pa rẹ́.

Ẹ wá wo àwọn oníìgò. Ìgò mínírà mẹ́fà ni wọ́n bu omi sí ní ìwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí wọ́n bá fi ṣíbí lù wọ́n, èyí tí omi rẹ̀ pọ̀ jù ni ohùn rẹ̀ wálẹ̀ jù; bí wọ́n bá fẹnu fẹ́ wọn, òun kan náà ni ohùn rẹ̀ lọ sókè jù! Níwájú àwọn òbí ni wọ́n ti ń jiyàn, títí ọ̀kan nínú wọn fi sọ pé ìgò àti omi ló ń gbọ̀n tí a bá lù ú, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló ń gbọ̀n tí a bá fẹ́ ẹ. Ipò kẹfà ni wọ́n gbà. Ìgò wọn kò ní ọ̀dà.

Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tó wà níbẹ̀ dùn, àmọ́ ìyá àgbà ẹnìkan ló so ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀. Agolo mílíìkì mẹ́ta tí wọ́n pè ní agogo, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀.

Kì í ṣe pé pàǹtí kò lè kọrin. Ní Cateura, lórílẹ̀-èdè Paraguay, àwọn ọmọ tó ń gbé nítòsí ààtàn ń fi fayolíìnì tí wọ́n ṣe láti ara agolo kọ orin gidi. Fíìmù Landfill Harmonic ti 2015 dá lórí wọn.

Lẹ́yìn ìpàtẹ, mo gbé gìtá wa lọ bá onígàngan kan nítòsí Ọjà Ọba. Bàbá náà ta rọ́bà kan.

"Ọmọ mi, kí ló ń wí yìí?"

"Kò wí nǹkan kan, sà."

Ó gbé gàngan rẹ̀ sábíyá. Ó fún ọ̀sán rẹ̀ mọ́ra, awọ le, ohùn lọ sókè. Ó dẹ̀ ẹ́, ohùn wálẹ̀. Awọ yẹn ń le láìfẹ̀ sí i bíi rọ́bà tiwa, torí igi ìlù ti dá ẹnu rẹ̀ mọ. Ó bi mí lórúkọ, ó sì fi ìlù pè mí.

Mo ti tún àtẹ èsì wa kọ: ìlà mẹ́rin, ohùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Lọ́jọ́ Ajé ni mo fẹ́ gbé e fún olùkọ́ wa. Àwọn mẹ́ta tó kù nínú ẹgbẹ́ wa kò tíì gbà.