Oṣù Méjìdínlógún ní Àgbádárìgì

Ìtàn Àjàyí Crowther tí wọ́n fi kọ́ wa nílé ìwé máa ń sáré ju. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Ọ̀ṣoògùn ní 1821, ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, ó kàwé ní Sàró, ó di àlùfáà, ó túmọ̀ Bíbélì. Ó parí. Àwọn tó ń ṣe fídíò nípa ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Àgbádárìgì náà ò yàtọ̀: àtẹ̀gùn, fèrèsé, fọ́tò létí òkun, ó dàbọ̀. Bí ẹni pé ọkùnrin náà kàn yà síbẹ̀ sinmi ni.

Ẹ wo déètì, ẹ jọ̀ọ́. Crowther, Townsend àti Gollmer gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní oṣù kìíní 1845. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tó fẹ́ kí wọ́n wá, kú, ogun sì dí ọ̀nà. Oṣù kẹjọ 1846 ni Crowther tó wọ Abẹ́òkúta. Ìyàwó Gollmer ti kú sí Àgbádárìgì. Ìsinmi wo nìyẹn?

Etí òkun yẹn gan-an kì í ṣe ibi ìsinmi. Wọ́n ṣì ń ta ẹrú níbẹ̀ lásìkò náà. Ọkùnrin tí wọ́n ti tà gba Èkó kọjá wá jókòó sí itòsí ibẹ̀, ó ń dúró de ọ̀nà. Nígbà tó dé Abẹ́òkúta, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ, ìyá rẹ̀ tí kò rí fún bíi ọdún márùndínlọ́gbọ̀n wá bá a. Láti Àgbádárìgì dé ibẹ̀, ìrìn ọjọ́ díẹ̀ ni o! Kò sí fídíò kan tí mo wò tó so nǹkan méjèèjì yìí pọ̀.

Ohun kejì: ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1843, èyí tó tún ṣe jáde ní 1852. Àgbádárìgì wà láàárín. Èmi tí mò ń kọ sọ́fítíwíà mọ irú àkókò bẹ́ẹ̀: o ò gbé nǹkan kan jáde, àmọ́ ohun tó wà nílẹ̀ lò ń tún ṣe, ẹnikẹ́ni ò sì ní pàtẹ́wọ́ fún ọ. Mi ò ní kí ẹ sọ pé Àgbádárìgì ló bí ìwé náà. Mo kàn fẹ́ kí olùsọ̀tàn béèrè pé ta ni Crowther ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ẹnu ta ló ń gbọ́. Fún àwa ará Òrò, ìbéèrè gidi ni, torí Yorùbá inú ìwé tí a kọ́ ní kíláàsì kì í ṣe bí a ti ń sọ ọ́ nílé.

Kò jìnnà sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà ni ìdí igi Agia wà, níbi tí wọ́n ti wàásù ní 1842. Igi ọ̀hún wó ní 1959. Nínú fídíò mẹ́ta tí mo wò, ẹnìkan ṣoṣo ló dúró níbẹ̀, kò sì tó ìṣẹ́jú kan.