Ohun Èlò Ni Ìtàn: Lámèyítọ́ Lórí Àwọn Fíìmù Àwòrán Kúkúrú Àgbáyé

Ní oṣù kẹfà ọdọọdún, ìlú Annecy, tó wà lẹ́bàá adágún omi lẹ́sẹ̀ òkè Alps ní ilẹ̀ Faransé, máa ń gba àwọn tó ń ṣe fíìmù àwòrán lálejò láti gbogbo àgbáyé. Ọdún 1960 ni àjọ̀dún náà bẹ̀rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn oníṣẹ́ ọ̀hún dá ASIFA, ẹgbẹ́ wọn lágbàáyé, sílẹ̀, tí Norman McLaren, ọmọ Scotland tó ń ṣiṣẹ́ ní Kánádà, sì di ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Zagreb tẹ̀lé e lọ́dún 1972, Ottawa lọ́dún 1976, Hiroshima lọ́dún 1985. Lónìí, fíìmù gígùn ti ráyè gan-an nínú irú àjọ̀dún bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n fíìmù kúkúrú, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ju ìṣẹ́jú 15 lọ, ni òpómúléró wọn.

Kàtúùnù ni a máa ń pe irú fíìmù yìí láàárín wa, a sì máa ń fi í sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Àwọn tó bá tilẹ̀ fẹ́ gbèjà rẹ̀ a máa tọ́ka sí ẹ̀kọ́ inú ìtàn rẹ̀: pé ó kọ́ni ní ìwà, pé ó ń fi àṣà hàn. Ìgbèjà bẹ́ẹ̀ kò kan ibi tí iṣẹ́ náà wà. Ohun tí mo fẹ́ fi múlẹ̀ nínú àròkọ yìí ni pé, nínú fíìmù àwòrán kúkúrú tó dáńtọ́, ohun tí a fi ṣe àwòrán náà ni ó ń sọ ìtàn. Yanrìn, èédú, ọ̀dà, ìlà pẹ́ńsù tàbí ara èèyàn: kò sí èyí tó jẹ́ ẹrù lásán tí ìtàn gùn lé lórí.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ẹni tó ń ya fíìmù òṣèré ń gbé kámẹ́rà sí iwájú ohun tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ní ti fíìmù àwòrán, kò sí ohunkóhun níbẹ̀ àyàfi ohun tí ọwọ́ bá gbé síbẹ̀. Àwòrán 24 ló ń kọjá lójú wa ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fíìmù oníṣẹ́jú 10 á gba àwòrán 14,400, bí a bá sì lo àwòrán kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, 7,200 ṣì ni. McLaren kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín àwòrán kan àti èkejì ṣe pàtàkì ju ohun tó wà lórí èyíkéyìí nínú wọn lọ. Àárín méjèèjì yẹn gan-an ni ohun èlò ti ń jọba, nítorí ibẹ̀ ni ọwọ́ ti ń sún un, tí òun náà sì ń jẹ́ tàbí tí ó ń kọ̀. Ìbéèrè kan ni mo máa fi wọn àwọn fíìmù tó ń bọ̀ yìí: bí a bá gba ohun èlò yìí lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, tí a fún un ní òmíràn, kí ni yóò sọnù?

Caroline Leaf, tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà, dé ilé-iṣẹ́ fíìmù ìjọba Kánádà, NFB, lọ́dún 1972. Lọ́dún 1974 ó gbé The Owl Who Married a Goose jáde, ìtàn àwọn Inuit nípa òwìwí tó fẹ́ gúùsì, ẹyẹ ìbátan pẹ́pẹ́yẹ. Orí dígí tí iná ń tàn lábẹ́ rẹ̀ ni ó da yanrìn sí. Ibi tí yanrìn bá wà á dúdú, ibi tí ìka bá gbá a kúrò á mọ́lẹ̀. Ó tò ó di àwòrán, kámẹ́rà òkè yà á, ó sún yanrìn díẹ̀, kámẹ́rà tún yà á. Kò sí àwòrán àná tó lè padà lọ tún ṣe, torí ó ti ní láti tú ti àná ká kí ti òní tó lè wà.

Nígbà tí òtútù dé, àwọn gúùsì gbéra láti ṣí lọ, òwìwí tẹ̀lé ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ sójú omi tí kì í ṣe ibùgbé rẹ̀, ó sì bómi lọ. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu lásán lè rò pé ìkìlọ̀ lórí ìgbéyàwó ni. Yanrìn ló sọ ọ́ di ohun tó jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Yanrìn kan náà ni ọkọ, òun ni ìyàwó, òun náà ni omi tó gbé ọkọ mì. Gbogbo ìgbà tí a ń wò ó ni nǹkan kan ń yọ́ di òmíràn níwájú wa, ojú wa sì ti gbà pé ohunkóhun lè di ohunkóhun. Àfi òwìwí nìkan ni kò lè di gúùsì. Ìbànújẹ́ fíìmù náà wá láti inú ìtakora yìí: ohun èlò tí ó lè yí padà láìlópin ló ń sọ ìtàn ẹ̀dá tí kò lè yí padà. Fi pẹ́ńsù yà á, ìtàn á kù, ìtakora náà á lọ.

Ọ̀nà William Kentridge, tí wọ́n bí ní Johannesburg lọ́dún 1955, yàtọ̀ pátápátá. Láti ọdún 1989 ni ó ti ń ṣe ọ̀wọ́ fíìmù tó pè ní Drawings for Projection, èyí tí gbọ̀ngàn iṣẹ́ ọnà gbà tọwọ́tẹsẹ̀. Èédú ló fi ń yàwòrán sórí ìwé. Dípò kó mú ìwé tuntun fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń pa apá kan rẹ́ lórí ìwé kan náà, ó ń tún un yà, ó sì ń fi kámẹ́rà gbà á. Èédú kì í parẹ́ tán. Ibi tí ọwọ́ ti kọjá, ibi tí ọkọ̀ ti rìn, ibi tí òkú ti sùn, àpá eérú á ṣì wà níbẹ̀.

Nínú Mine (1991), Soho Eckstein, olówó oníwakùsà, wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó ń jẹun àárọ̀. Ó tẹ ọ̀pá ìfúnkọfí wálẹ̀, ọ̀pá náà gba ìsàlẹ̀ ife kọjá, ó la bẹ́ẹ̀dì, ó wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ títí dé ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ dúdú há mọ́ nínú ihò. Ìlà èédú kan ṣoṣo ni ó so kọfí ọ̀gá mọ́ ẹ̀mí òṣìṣẹ́. Nínú Felix in Exile, tó jáde lọ́dún 1994 tí South Africa kọ́kọ́ dìbò tó kó gbogbo ẹ̀yà pọ̀, òkú àwọn èèyàn ń sùn lórí pápá, ìwé ìròyìn ń bò wọ́n, ilẹ̀ sì ń gbé wọn mì díẹ̀díẹ̀ títí pápá á fi tún dà bíi pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ rí. Bí ilẹ̀ ti ń bò wọ́n mọ́lẹ̀ tó, àpá èédú kò jẹ́ kó parí iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí orílẹ̀-èdè kan ń ṣe nígbà tó bá ń sáré gbàgbé, kó wo orí ìwé Kentridge. Yanrìn Leaf kì í rántí. Èédú kò mọ bí a ṣe ń gbàgbé. Olúkúlùkù yan èyí tó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu.

Ìdánwò kan náà ló jẹ́ kí n lè sọ ohun tí mo rí nípa Aleksandr Petrov, ọmọ Rọ́ṣíà. The Old Man and the Sea rẹ̀ (1999), tó gbé ìwé Ernest Hemingway kalẹ̀, gba ẹ̀bùn tó ga jù ní Annecy lọ́dún 2000, ó sì gba Oscar. Ìka ni ó fi ń yí ọ̀dà olóròóró lórí dígí, ó sì ju àwòrán 29,000 lọ tí wọ́n fi parí fíìmù oníṣẹ́jú 20 yìí. Níbi tí òkun ti ń ru, tí ẹja ńlá ti ń gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá, ọ̀dà tí kò tíì gbẹ náà di omi gan-an, kò sí ohun èlò mìíràn tó lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀dà yìí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Ẹwà kan náà ló fi kun òkun, òun náà ló fi kun òṣì bàbá apẹja, ebi rẹ̀ àti ahéré rẹ̀. A ń yán hànhàn sí àwòrán nígbà tó yẹ kí ebi máa pa wá pẹ̀lú ọkùnrin náà. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì yẹ fún ẹ̀bùn tó gbà. Síbẹ̀, ohun èlò gbogbo ló ní ibi tí kò ti lè sọ òtítọ́.

McLaren, ní tirẹ̀, fi ara èèyàn ṣe ohun èlò nínú Neighbours (1952). Ọkùnrin méjì jókòó síwájú ilé wọn, òdòdó kan hù ní ààlà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jà lé e lórí títí wọ́n fi lu ìyàwó àti ọmọ ara wọn pa, tí wọ́n sì pa ara wọn. Òṣèré gidi ni wọ́n, ṣùgbọ́n McLaren ń yà wọ́n ní ìdúró kan lẹ́yìn òmíràn, wọ́n wá ń yọ̀ tẹ̀ẹ̀rẹ̀ lórí koríko láìgbẹ́sẹ̀. Ohùn tó bá a lọ náà kò wá láti inú ìlù tàbí dùùrù. Orí tẹ́ẹ̀pù fíìmù ni McLaren ti ṣẹ̀dá rẹ̀. Èèyàn tí ẹlòmíràn ń sún kiri, tó rò pé ìfẹ́ inú òun ni òun ń ṣe: kò sí ọ̀nà tó ṣe tààrà ju èyí lọ láti fi ogun hàn. Àwòrán yíyà ì bá sọ ọ́ di àwàdà.

Lọ́dọ̀ McLaren yìí ni Moustapha Alassane (1942–2015), ọmọ orílẹ̀-èdè Niger, ti kọ́ iṣẹ́ ní Kánádà kó tó padà sílé. Bon voyage Sim rẹ̀ (1966) jẹ́ ìtàn ọ̀pọ̀lọ́ tó jẹ́ ààrẹ. Sim rin ìrìn-àjò lọ kí ààrẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ ogun tò, wọ́n kí i tìlù-tìfọn. Nígbà tó fi máa padà dé, ìjọba ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì jù ú sódò. Oṣù kejì ọdún yẹn ni ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Kwame Nkrumah ní Gánà nígbà tó wà lẹ́yìn odi; òǹwòran ìgbà náà kò nílò àlàyé. Ìlà Alassane kò ní ọ̀ṣọ́ rárá. Àwọn kan lè kà á sí àìtó irinṣẹ́. Èmi kà á sí ìdájọ́. Ọ̀pọ̀lọ́ tí a bá fi ọ̀dà Petrov kùn á gba iyì lójú wa. Ìlà gbígbẹ kò fún agbára ní aṣọ tó lè fi bora. Nígbà tó sì di 2001, nínú Kokoa, ó yípadà sí ọmọlangidi, ó jẹ́ kí àwọn ẹranko máa jà gídígbò níwájú èrò. Ìjàkadì nílò ara tó wúwo tó ṣeé gbé ṣánlẹ̀, ó sì wá ohun èlò tó ní ìwúwo.

A lè bi mí pé, kí ni ti Father and Daughter (2000), tí Michael Dudok de Wit, ọmọ Netherlands, ṣe, tó gba Annecy lọ́dún 2001 lẹ́yìn Oscar? Ìlà pẹ́ńsù àti èédú wẹ́rẹ́ ni, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú ìwé ló sì ṣófo. Bàbá dágbére fún ọmọ rẹ̀ obìnrin létí omi, ó wa ọkọ̀ lọ, kò padà. Ọmọ ń gun kẹ̀kẹ́ wá sí ibẹ̀ ní èwe, ní ìgbà ìfẹ́, ní abiyamọ, ní ìyá arúgbó. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni, kò sí ọ̀rọ̀ kan. Níbẹ̀, ohun èlò ni àyè òfìfo náà. Òjìji gígùn àti pẹrẹsẹ ilẹ̀ ń jẹ́ kí ojú wa máa wá ẹni tí kò sí. Àyè tí a kò yà ni bàbá. Bí a bá kún un, a ti gba ọ̀fọ̀ náà lọ́wọ́ ọmọ.

Àjọ̀dún ṣe pàtàkì sí iṣẹ́ yìí ju bó ti ṣe pàtàkì sí fíìmù gígùn lọ, nítorí tẹlifíṣàn àti gbọ̀ngàn sinimá kì í sábà ní àyè fún ohun oníṣẹ́jú mẹ́jọ. Ó sì ní ewu tirẹ̀. Bí fíìmù aláriwo bá ṣáájú, onídàákẹ́jẹ́ tó tẹ̀lé e lè ṣègbé lójú èrò. Ọ̀rọ̀ owó náà tún wà: Neighbours àti fíìmù òwìwí Leaf jáde láti inú NFB, ilé-iṣẹ́ tí ìjọba Kánádà dá sílẹ̀ lọ́dún 1939, níbi tí oníṣẹ́ ti ń gba owó oṣù láti fi ìka wá ọ̀nà. Ohun tí a ń pè ní ẹ̀bùn àbínibí sábà máa ń ní ìjọba kan lẹ́yìn tó gbà láti mú sùúrù.

Ó kàn wá. Lọ́dún 2023, Shofela Coker, ọmọ Nàìjíríà, gbé Moremi jáde nínú Kizazi Moto, àkójọ fíìmù kúkúrú 10 láti Áfíríkà. Ó yí ìtàn Mọremí ti Ilé-Ifẹ̀ lójú padà: ọmọ tó jẹ́ ẹ̀mí ló wà níwájú wa, ọmọ tí ìtàn wa mọ̀ sí ohun ìrúbọ lásán. Èrò tó gbóná ni, ó bi Olúorogbo, ọmọ Mọremí yìí, ní ìbéèrè tí a kò bi í rí. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe é, mo sì gbà pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ wa ti le jù. Yanrìn ń tú, èédú ń dọ̀tí, ọ̀dà ń ṣàn. Kọ̀ǹpútà kì í kọ nǹkan kan fún ẹni tó ń lò ó. Ẹni tó bá fẹ́ kó sọ̀rọ̀ ní láti fúnra rẹ̀ fi òfin dè é.

A kò ṣaláìní òfin bẹ́ẹ̀. Aládìrẹ tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sórí aṣọ, ibi tí aró kò bá lè wọ̀ ló ń di àwòrán. Ọgbọ́n yìí bá dígí Leaf àti àyè òfìfo Dudok de Wit dọ́gba. Oníṣẹ́ tiwa tó bá mú un wọ inú fíìmù gẹ́gẹ́ bí ìlànà ìrònú, tí kò fi ṣe ọ̀ṣọ́ ara aṣọ òṣèré nìkan, yóò ní ohun tí Annecy kò tíì rí. Títí dìgbà náà, ojúṣe alámèyítọ́ ni láti yéé yin fíìmù nítorí pé ìtàn wa ló sọ, kó sì máa béèrè ohun tí ó fi sọ ọ́, àti ìdí tí kò fi lè fi òmíràn sọ ọ́.