Ọwọ́ Tí Ó Jù Ú, Ojú Tí Ó Rí I: Dáìsì Inú Fóònù àti Ètò Ìbò Yorùbá

1. Ìfáàrà

Èbúté ni Ìpakodò ní ìlú Ìkòròdú. Ọ̀sà ni ó kọjú sí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èrò ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Erékùṣù Èkó. Níbi tí èrò bá ti ń dúró de ọkọ̀, yálà ní èbúté tàbí ní gáréèjì, ọpọ́n lúdò kì í sábà jìnnà. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2016 tí ilé-iṣẹ́ Gametion ti orílẹ̀-èdè Íńdíà ti gbé Ludo King jáde, ọpọ́n tí kò ní pákó, tí dáìsì rẹ̀ kò ṣe é fọwọ́ dì mú, ti wọ inú àpò ẹnikẹ́ni tí ó bá ní fóònù. Ìgbà ìsémọ́lé ọdún 2020 ni òkìkí rẹ̀ wá kàn gan-an.

Èrò méjì ni ó sábà ń tẹ̀ lé irú dáìsì yìí. Àwọn kan gbà pé kò lè ṣe màgòmágó, nítorí pé ọwọ́ ènìyàn kò kàn án. Àwọn mìíràn ní màgòmágó ni gbogbo rẹ̀, nítorí pé ọwọ́ ènìyàn kò kàn án. Ó yẹ fún àkíyèsí pé ìdí kan náà ni ìhà méjèèjì gbé kalẹ̀. Ète iṣẹ́ yìí ni láti fi hàn pé ìhà méjèèjì ló ṣi ọ̀rọ̀ náà mú, àti pé ètò ìbò tí ó wà nínú ìṣe Ifá ti pèsè òṣùwọ̀n tí ó yẹ láti fi wọn dáìsì inú fóònù.

2. Ẹyọ àti Dáìsì

Kò sí ìdí láti ka lúdò sí àjèjì pátápátá. Òótọ́ ni pé a fún ẹnì kan ní ìwé-àṣẹ olùpilẹ̀ṣẹ̀ lórí rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n inú pachisi, eré àtayébáyé ilẹ̀ Íńdíà, ni wọ́n ti yọ ọ́. Owó ẹyọ ni wọ́n ń dà sílẹ̀ nínú pachisi. Iye ẹyọ tí ó bá ṣí ojú sókè ni ó ń sọ iye ilé tí ọmọ eré yóò rìn. Irú ẹyọ bẹ́ẹ̀, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ti erékùṣù Maldives wá, ni àwọn oníṣòwò kó dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ó di owó lọ́wọ́ Yorùbá, tí ó sì di ohun èlò ẹ́ẹ́rìndínlógún níwájú òrìṣà. Nítorí náà, nígbà tí a bá fi dáìsì lúdò wé ohun tí Yorùbá fi ń wádìí, ìbátan ni a ń fi wé ìbátan.

Èdè pàápàá jẹ́rìí sí i. Yorùbá a máa ṣẹ́ kèké, a máa dìbò, a máa dá Ifá, a sì máa da ẹ́ẹ́rìndínlógún. Olùṣe tí ojú rí ni ó wà nínú gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí. Ní ti fóònù, títẹ̀ ni olùta ń tẹ̀ ẹ́. Babaláwo náà a máa tẹ Ifá sórí ìyẹ̀rosùn. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ikin bá ti sọ tirẹ̀ tán ni ó ń tẹ̀. Bí ikin kan bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́, yóò tẹ méjì. Bí méjì bá ṣẹ́ kù, yóò tẹ ọ̀kan. Àkọsílẹ̀ ohun tí ojú ti rí ni títẹ̀ tirẹ̀. Nínú fóònù, títẹ̀ ni ó ṣáájú, ohun tí ó tẹ̀ lé e kò sì hàn sí ẹnikẹ́ni.

3. Ohun Tí Ó Wà Lẹ́yìn Àwòrán

Àwòrán lásán ni dáìsì tí ó ń yí gbirigbiri lójú fóònù. Lábẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà kan ni kọ̀ǹpútà fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní irúgbìn. Ìlànà ìṣirò kan yóò sọ irúgbìn náà di nọ́ńbà mìíràn, yóò sì tún sọ ìyẹn di òmíràn. Bí irúgbìn bá jẹ́ ọ̀kan náà, tí ìlànà kò sì yí padà, àbájáde kò ní yàtọ̀ láéláé. John von Neumann wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé irú ìlànà báyìí kalẹ̀ ní ẹ̀wádún 1940. Èyí tí Matsumoto àti Nishimura, àwọn onímọ̀ ará Japan, tẹ̀ jáde ní ọdún 1998 sì tàn kálẹ̀ gidigidi. Ìlànà tí ó dára lè pín ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dọ́gba ju dáìsì tí etí rẹ̀ ti jẹ lọ. Dé ìwọ̀n yìí, àwọn tí ó gbẹ́kẹ̀ lé fóònù kò jayò pa.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni pípín dọ́gba, ọ̀tọ̀ ni pípín bí ó ti yẹ. Nínú ẹ́ẹ́rìndínlógún, iye ẹyọ tí ó ṣí lè jẹ́ òdo títí dé 16, èyí tí í ṣe àbájáde 17. Bí a bá gbà pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kí ó dé bákan náà, ọ̀nà 65,536 ni ẹyọ 16 lè gbà balẹ̀. Ọ̀nà 12,870 nínú wọn ni yóò fún wa ní ẹyọ 8 tí ó ṣí, èyí tí í ṣe Èjì Ogbè. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni yóò fún wa ní Òpìrà, níbi tí ẹyọ kankan kò ti ṣí. Bí ẹni tí ó kọ ètò kọ̀ǹpútà bá kàn ní kí ẹ̀rọ mú ọ̀kan nínú 17, Òpìrà yóò di ẹgbẹ́ Èjì Ogbè. Kò purọ́, kò jalè. Síbẹ̀ ó ti ba ohun tí ó mú kí Òpìrà jẹ́ ẹ̀rù àti ìyanu jẹ́.

Bákan náà ni ti lúdò. Dáìsì méjì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jù ní Nàìjíríà. Ọ̀nà 11 nínú 36 ni ẹ̀fà lè gbà yọ lójú ọ̀kan ó kéré tán, kí ọmọ eré lè jáde nílé. Bí eré inú fóònù bá ń ju dáìsì kan ṣoṣo, yóò di 6 nínú 36. Ẹni tí ó rò pé fóònù ń dá òun dúró lè má ṣìnà nípa ohun tí ojú rẹ̀ rí. Òfin eré ni ó yí padà láìsọ fún un.

Ibí yìí náà ni ó ti yẹ kí a yẹ ọ̀rọ̀ tí a sábà ń sọ wò, pé kọ̀ǹpútà ni Ifá. Òótọ́ ni pé ojú 8 ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kí ó dé, tí gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ odù 256. Ṣùgbọ́n iye tí ó bára mu kò sọ pé ìṣe bára mu. Ìṣírò nìkan ni àfiwé yẹn rí. Kò rí àwọn tí ó jókòó yí ọpọ́n ká.

4. Ìbò Gẹ́gẹ́ bí Òṣùwọ̀n

Ẹni tí ó wá dá Ifá lè sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí owó, láìjẹ́ kí babaláwo gbọ́. Nígbà tí a bá fẹ́ dìbò, ẹni náà ni yóò di ohun ìbò mú, bí ẹyọ fún bẹ́ẹ̀ ni, egungun fún bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀kan ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Babaláwo kò mọ èyí tí ó wà ní ọ̀tún tàbí ní òsì. Ipò àgbà odù tí ó yọ ni yóò sọ ọwọ́ tí yóò béèrè. Nígbà tí ó bá sì ń kì, olùbéèrè ni yóò mọ ẹsẹ tí ó bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ mu. Ètò yìí kò bú babaláwo ní onírọ́. Ohun tí ó ṣe ni pé kò jẹ́ kí òdodo dídá náà dá lórí ìwà ẹnì kan ṣoṣo.

Eré olùkópa-ìtàn bí Dungeons & Dragons, tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1974, fi ohun kan náà hàn. Àwọn olùkópa ń sọ ìtàn, dáìsì olójú 20 sì ń sọ bóyá idà bá ọ̀tá. Bí oníkálukú bá ń tẹ fóònù tirẹ̀ lábẹ́ tábìlì, tí ó sì ń kéde iye tí ó rí, ẹnu rẹ̀ nìkan ni ẹ̀rí. Bí fóònù kan bá wà láàrin gbogbo wọn, ojú tún ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.

5. Ibi Tí Ọ̀rọ̀ ti Kan Owó

Níbi tí a ti ń ta lúdò fún ẹ̀rín, àléébù wọ̀nyí kò pọ̀. Níbi tí owó bá ti wà, tí ẹni tí ó ni ẹ̀rọ sì jẹ́ ẹni tí ó ń ju dáìsì, tí ó tún ń gba owó ẹni tí ó pàdánù, ọ̀rọ̀ di ti ìlú. Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà fagi lé òfin lọ́tìrì àpapọ̀ ti ọdún 2005, ó sì dájọ́ pé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin àwọn ìpínlẹ̀ ni ó ni àṣẹ lórí lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́. Àṣẹ tí ó kan olùta tẹ́tẹ́ ní Ìpakodò wà ní Ìkẹjà, kò sí ní Àbújá.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ gbé síwájú oníẹ̀rọ kò ju mẹ́ta lọ: ta ni ó yan irúgbìn, báwo ni a ṣe pín àbájáde, ta ni ó sì lè yẹ̀ ẹ́ wò? Ìdáhùn kò kọjá agbára ẹ̀rọ. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ lè di irúgbìn rẹ̀ sínú àdììtú ìṣirò kan, kí ó kéde àdììtú náà fún olùta; olùta yóò wá fi nọ́ńbà tirẹ̀ kún un; lẹ́yìn eré, ẹ̀rọ yóò tú irúgbìn sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè tún un ṣírò. Ìlànà yìí ti wà lẹ́nu iṣẹ́ nínú àwọn eré kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

6. Ìgúnlẹ̀

Bí a bá wò ó dáadáa, ìbò ni nọ́ńbà tí olùta fi kún un yẹn: ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹni tí ń dá a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn kò ba dáìsì jẹ́, àìsí ọwọ́ kò sì sọ ọ́ di mímọ́. Dáìsì inú fóònù tí ó bá fi àyè sílẹ̀ fún ìbò olùta wà ní ìlà kan náà pẹ̀lú ẹyọ àti ikin. Èyí tí kò bá fi àyè sílẹ̀, bí àwòrán rẹ̀ ti wù kí ó dán tó, ìgbàgbọ́ ni ó ń béèrè lọ́wọ́ olùta, kò sì fún un ní ẹ̀rí kankan.