Odi Tí Ó Wà Lábẹ́ Ọgbà Ẹ̀wọ̀n

Bí a bá dárúkọ Alcatraz, erékùṣù kékeré tí ó wà nínú omi lẹ́bàá ìlú San Francisco ní Amẹ́ríkà, ẹ̀wọ̀n ni ó máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn onífíìmù ni wọ́n jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Nínú Escape from Alcatraz, tí ó jáde ní 1979, tí Clint Eastwood sì jẹ́ aṣáájú òṣèré nínú rẹ̀, ògiri ni ọ̀tá, ọgbọ́n àtisálọ sì ni ìtàn. Fíìmù náà dùn ún wò. A kò ní bù ú kù. Ṣùgbọ́n àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ní 1853 ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í mọ odi sórí erékùṣù náà, kí ọkọ̀ ojú omi ọ̀tá má baà wọ ìlú tí wúrà sọ di ọlọ́rọ̀. Nígbà tí Ogun Abẹ́lé wọn fi parí ní 1865, ìbọn àgbá tuntun tí ó lè fọ́ ògiri bíríkì ti dé. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi erùpẹ̀ mọ òkìtì gbàǹgbà, tí wọ́n sì fi bíríkì kọ́ ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ilé ẹ̀wọ̀n àti àgbàlá rẹ̀ gorí wọn, ojú kò sì rí wọn mọ́.

Ní 2019, Timothy de Smet àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí wọn síta. Wọn kò fi ọkọ́ kan ilẹ̀. Rédà ni wọ́n wọ́ lórí àgbàlá tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti ń ṣeré nígbà kan rí. Ẹ̀rọ yìí a máa rán ìgbì rédíò wọ inú ilẹ̀. Bí ó bá kan bíríkì tàbí ihò, apá kan rẹ̀ a padà, àkókò tí ó sì fi padà ni a fi ń mọ bí nǹkan náà ti jìn tó. Òkìtì àti ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Kọnkéré fẹ́lẹ́ ni ó bò wọ́n.

Ohun tí ó gbé iṣẹ́ wọn níyì ni pé wọn kò gbójú lé ẹ̀rọ nìkan. Ìlà wúruwùru ni rédà ń yà. Àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ ni ó jẹ́ kí a mọ̀ pé odi ni. Síbẹ̀, iṣẹ́ náà ní ààlà. Ní 1895, ìjọba kó àwọn ọkùnrin Hopi 19, tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wá ṣẹ̀wọ̀n sí erékùṣù yìí kan náà. Lára ẹ̀sùn wọn ni pé wọ́n kọ̀ láti fi ọmọ wọn sí ilé-ìwé ìjọba. Kò sí rédà tí ó lè rí ìyẹn lábẹ́ ilẹ̀. Inú ìwé àti ẹnu àwọn ọmọ wọn ni ó wà.

Èrò tiwa ni pé kí àwọn tí ń mú àlejò yí Alcatraz ká má kàn fi odi yìí kún ìtàn ẹ̀wọ̀n bí ẹni fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ìtàn kan náà ni méjèèjì. Odi tí wọ́n mọ kí ọ̀tá má baà wọlé ni ó di ibi tí onílẹ̀ kò ti lè jáde.